Bọ́ọ̀sì Tí Kò Gbé Sàlámótù Gòkè

Bísímílláhì. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ọ̀rọ̀ àmánà, ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ ẹni, ni mo gbé wá lónìí. Ọlọ́run Ọba pàṣẹ nínú Àlùkùránì pé kí á dá àmánà padà fún àwọn tí wọ́n ni ín. Kò ní kí á dá ìdajì rẹ̀ padà o! Mo rí i pé ẹlòmíràn ti ń yọjú wo ẹnì kejì rẹ̀. Má wò ó, ara rẹ ni kí o wò.

Mẹkáníìkì kan wà ní ìlú kan lọ́nà Ṣakí, Jìnádù ni orúkọ rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹní mowó. Ìyá rẹ̀ ni Sàlámótù, obìnrin tó ń gbálẹ̀ mọ́sáláṣí láràárọ̀ kí àwọn ọkùnrin tó jí.

Orí òkè ni itẹ́ òkú ìlú náà wà, bọ́ọ̀sì mọ́sáláṣí ni wọ́n sì fi ń gbé òkú lọ. Bọ́ọ̀sì ọ̀hún ti darúgbó, ikọ́ ló ń wú kiri. Àwọn ìyá Asalátù bá ra ẹ́ńjìnì tó lágbára ju ti àtijọ́ lọ. Jìnádù ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ óò ra kílọ́ọ̀ṣì ńlá mọ́ ọn o. Kílọ́ọ̀ṣì ló ń di agbára ẹ́ńjìnì mú kí ó tó dé ẹsẹ̀ mọ́tò. Bí agbára bá ju ohun tó dì í mú lọ, ẹ́ńjìnì á kàn máa pariwo ni, mọ́tò kò ní lọ." Òótọ́ ló sọ. Wọ́n rà á, wọ́n kó o fún un.

Kí ni Jìnádù ṣe? Ó ní bọ́ọ̀sì tirẹ̀ tó ń kó èrò lọ sí Ìbàdàn, irú kan náà ni. Ó de kílọ́ọ̀ṣì tuntun mọ́ tirẹ̀, ó nu ti àtijọ́, ó dá a padà sínú bọ́ọ̀sì òkú pẹ̀lú ẹ́ńjìnì tuntun. Ó ní, "Òkú kì í kánjú." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ ènìyàn! Ilẹ̀ tẹ́jú ni wọ́n ti dán bọ́ọ̀sì náà wò, ó sáré dáadáa, wọ́n sì ṣàdúrà fún Jìnádù. Ta ló kọ́kọ́ kú lẹ́yìn náà? Sàlámótù ni.

Lọ́jọ́ náà, ọyẹ́ bo òkè mọ́lẹ̀. Wọ́n kírun sí ìyá lára lẹ́yìn Àlàásárì, Alfa Kàsúmù wa bọ́ọ̀sì, Jìnádù jókòó ti òkú ìyá rẹ̀, èrò ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé agbedeméjì òkè, ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ké títí, taya kò yí. Òórùn kan jáde, bí irun tó jóná. Bọ́ọ̀sì bá ń sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó ń dá òkú padà sọ́nà ilé. Alfa Kàsúmù tẹ bíréèkì, ó tún tẹná. Ẹ́ńjìnì ké, bọ́ọ̀sì tún sún sẹ́yìn.

Ohùn kan sọ̀rọ̀ láàárín ọyẹ́, wọn kò rí ẹni tó ni ín: "Ìyá yìí kò fẹ́ lọ."

Òmíràn dáhùn: "Ilẹ̀ ló kọ̀ ọ́."

Ẹ kúkú mọ ìṣe wa. Bí òkú bá wúwo, a ní ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Lèmọ́mù kígbe pé kí ẹni tí ìyá bá ṣẹ̀ dárí jì í. Ìyá Àwáù, aládùúgbò rẹ̀, di fèrèsé mú: "Sàlámótù, bí o bá sọ̀rọ̀ mi láìdáa rí, mo ti dárí jì ọ́. Máa lọ." Ẹlòmíràn bọ́ síwájú, ẹlòmíràn tún tẹ̀ lé e. Ogún ènìyàn ló dárí ji obìnrin tí kò ṣẹ̀ wọ́n. Jìnádù ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì mọ ohun tó ń rùn.

Wọ́n tún gbìyànjú. Bọ́ọ̀sì tún sún sẹ́yìn.

"Háà!" Ìyá Àwáù fọwọ́ bo ẹnu. "Àṣé àjẹ́ ni Sàlámótù!"

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmọ wọn sẹ́yìn. Jìnádù wo aṣọ funfun tí wọ́n fi wé ìyá rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, ó bọ́ nínú ìtìjú, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ á gbé orúkọ àjẹ́ wọ sàréè. Ẹ̀yin ọmọ, kí ni ẹ̀ bá ṣe? Ẹ má tètè dáhùn.

Ó bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. "Bàbá Lèmọ́mù, ìyá mi kò ní ẹjọ́, èmi ni mo ní in. Kílọ́ọ̀ṣì tí ẹ rà wà nínú mọ́tò mi tó lọ Ìbàdàn. Ti àtijọ́ ló ń jó yìí."

Alfa Kàsúmù pa iná mọ́tò. Kò sí ẹni tó na Jìnádù; ì bá sàn fún un kí wọ́n nà án. Lèmọ́mù kàn ní, "Dìde, gbé ìyá rẹ." Jìnádù àti ọkùnrin mẹ́ta gbé e lé èjìká, wọ́n gun òkè. Ìyá náà fúyẹ́. Ó fúyẹ́ débi pé ẹkún ni àwọn tó gbé e ń sun.

Létí sàréè, Ìyá Àwáù wólẹ̀. "Sàlámótù, jọ̀ọ́, dárí jì mí." Gbogbo àwọn tó ti dárí jì í lẹ́ẹ̀kan wá ń bẹ̀ ẹ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, òkú kò fèsì.

Ẹ̀yin mùmíní, agbára tí Ọlọ́run bá fi kún tìrẹ, ì báà ṣe ọgbọ́n iṣẹ́, ì báà ṣe ipò, àmánà ló ń dì í mú. Bí kò bá sí àmánà, ariwo lásán lo ń pa. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ sì lè máà kọ́kọ́ bá ìwọ, kó jẹ́ ẹni tó bí ọ ni yóò bá.

Ọlọ́run Ọba, fi wá mọ̀nà. Má jẹ́ kí á ba orúkọ òkú wa jẹ́. Ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ wa, jẹ́ kí á dá a padà nígbà tí ẹni tó ni ín ṣì lè dá wa lóhùn. Àmín, yáà Ràbí.