Ìgò Inú Àpò Ẹlẹ́hàá

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó ń rí ohun tó wà nísàlẹ̀ àpò tí a so lẹ́nu, tí kò sì pe aládùúgbò ẹnikẹ́ni rí pé kó wá bá Òun wò ó. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa, ẹni tó kọ́ wa pé bí a bá rí àléébù ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, ká fi aṣọ bò ó.

Ẹ̀yin alhaji, ẹ̀yin alhaja, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó dáadáa àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún bí ẹni tó fẹ́ tètè sá lọ, ọ̀rọ̀ ọjọ́ òní ò gùn. Ìfura ni. Kéèyàn máa ro èrò burúkú sí ọmọnìkejì rẹ̀, kó máa yọjú wo ohun tí Ọlọ́hun bò mọ́lẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Àmọ́ kì í rùn lẹ́nu bí ọtí, ìdí nìyẹn tí àwa onírùngbọ̀n fi ń dá a ní gbangba, tí tẹ̀sùbáà sì wà lọ́wọ́ wa.

Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara yín. Ẹ dákun, ẹ kọjú síbí.

Ìlú kan wà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, torí mo mọ̀ yín, ẹ ó wọkọ̀ lọ wádìí. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní Alhaji Múfútáù. Bí Múfútáù kan bá wà ládùúgbò yín, kì í ṣe òun, ẹ yé wojú ẹ̀. Irin ìkọ́lé ni Alhaji yìí ń tà. Ó ti lọ Mẹ́kà, ó ti bọ̀. Sàáfù àkọ́kọ́ ló ń dúró sí ní mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe tọkàntọkàn ni ìfura. Bí o bá tètè kí i láàárọ̀, á ní kí lo fẹ́ tọrọ. Bí o ò bá kí i, á ní kí lo ti gbọ́ nípa òun. Bí ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ bá dùn ju ti àná lọ, á gbé ṣíbí sílẹ̀, á ní, "Alhaja, kí lẹ bà jẹ́?"

Ó wá di ọjọ́ kan, kánsù ìlú náà gbé òfin jáde. Gbogbo ilé gbọ́dọ̀ máa ya pàǹtí rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ìgò nínú àpò tiẹ̀, ike àti ọ̀rá nínú tiẹ̀, àjẹkù oúnjẹ nínú tiẹ̀. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ilé sára àpò. Ẹni tó bá sì ra ohun mímu inú ìgò, á san owó ìgò mọ́ ọn. Ọjọ́ tó bá dá ìgò padà ni yóò gba owó rẹ̀. Ilé tó bá kọ̀, á san owó ìtanràn.

Àwọn onílé àdúgbò pé jọ sí kíláàsì kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Aláásárì láti jíròrò. Àwọn àgbàlagbà ká orúnkún sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé. Alhaji Múfútáù ló kọ́kọ́ dìde.

"Ta ló jókòó ní kánsù tó wá ń ro pàǹtí tèmi? Wọn ò ṣe títì. Wọn ò fún wa lómi. Pàǹtí ni wọ́n rí. Kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀?"

"Gọ́tà ló dí, Alhaji," ìyá kan dá a lóhùn. "Ọ̀rá ló dí i. Ṣé ẹ̀yin ò rí omi tó wọlé wa lọ́dún tó kọjá ni?"

"Ìyá, ẹ ẹ̀ mọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá ti mọ ohun tí mo jẹ, ó ti mọ ohun tí mo ní. Lọ́la, owó-orí á lọ sókè. Wolé-wolé ayé àtijọ́ ni wọ́n ń dọ́gbọ́n dá padà, ìgbà yìí wọn ò ní dúró sídìí ìkòkò omi, inú ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n ń lọ."

Àwọn kan mirí. Ìfura máa ń dà bí ọgbọ́n bó bá ti ẹnu ẹni tó wọ agbádá jáde.

Géńdé ọkùnrin kan bi Ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò pé owó ìgò yẹn, ṣé kì í ṣe owó èlé? Ládàánì ní, "Iye tó o fi lélẹ̀ náà lo máa gbà padà. Àmáná ni, owó ìfipamọ́. Bó bá bímọ, ìgbà yẹn la ó tó pè é ní èlé." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alhaji ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kó tó padà dọ́wọ́ mi, ọ̀dọ̀ ta ló máa máa sùn?"

Òfin ò gbọ́ tiwọn, ó dúró. Wọ́n yan akọ̀wé àdúgbò, Gbádébọ̀, pé kó máa yẹ àpò ilé kọ̀ọ̀kan wò ní òwúrọ̀ Sátidé kí ọkọ̀ akólẹ̀ tó dé. Ẹ̀yin náà mọ irú Gbádébọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó ka ojú ìwé kan, á ka ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tó di Sátidé kan, Alhaji ti ìrun Àsùbáà dé, ó yí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ po bó ṣe máa ń ṣe, bóyá ẹnì kan ti fo fẹ́ǹsì. Kò rí ẹsẹ̀ olè. Ìgò bíà ló rí, mẹ́ta, lẹ́yìn ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, wọ́n tò wọ́n síbẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ẹ wo ọkàn ọkùnrin yìí. Ó fura sí àkọ́bí rẹ̀. Ó fura sí dírẹ́bà. Ó fura sí àbúrò ìyàwó tó wá kí wọn. Díẹ̀ ló kù kó fura sí ewúrẹ́. Ṣé ó wá lọ bi wọ́n léèrè? Rárá. Ohun tó já a láyà kì í ṣe pé ẹnì kan ń mutí nílé rẹ̀. Ohun tó já a láyà ni pé Gbádébọ̀ ti ń bọ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ó ti bàjẹ́.

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó fa báàgì kan yọ láìwò ó, ó kó ìgò sínú rẹ̀, ó ká a pọ̀, ó sì lọ sídìí ògiri kúkúrú tó wà láàárín òun àti ilé kejì.

Opó kan ló ń gbé níbẹ̀, Ìyá Sàfú. Ẹlẹ́hàá ni, ó máa ń bo ojú rẹ̀ bó bá ń jáde. Híjáàbù ló ń rán tà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló ní, Sàfúrátù, wọ́n sì ti dá ọjọ́ yìgì ọmọ náà pẹ̀lú Mùkáílà, ọmọ Bàbá Mùkáílà tó ń ta kápẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yìgì náà. Kò sóhun méjì tí obìnrin yẹn ń bẹ Ọlọ́hun fún.

Àpò ìgò Ìyá Sàfú wà lábẹ́ ògiri, ó la ẹnu sílẹ̀. Alhaji ní nínú ara rẹ̀ pé, "Ta ló máa tú àpò ẹlẹ́hàá? Owó ìgò náà á sì tún di tiẹ̀. Sáráà ni mo ṣe yìí." Ó sọ báàgì náà síbẹ̀, ó gbọn ọwọ́, ó wọlé lọ ka àsíkírì.

Ẹ gbọ́ sáráà o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Gbádébọ̀ dé. Ó tú àpò Alhaji, ó mọ́ tónítóní. Ó tú ti Ìyá Sàfú, ó sì pariwo. Kó tó di Àìlá, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. "Abájọ tí kì í fẹ́ ká rójú òun." "Ẹ̀yìn ẹ̀hà ló ti ń mu ún." Àwọn tó ń ra híjáàbù lọ́wọ́ rẹ̀ wá ń rántí pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń gbóòórùn nǹkan. Irọ́ ni. Òórùn òwú ni wọ́n gbọ́.

Wọ́n pe ìpàdé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá Mùkáílà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ojú tó le. Alhaji jókòó níwájú. Ìyá Sàfú wọlé, ó ká nǹkan kan mọ́ abẹ́ apá. Alhaji wò ó, ó rí etí láwàní funfun kan lára nǹkan náà, ó rí lẹ́tà aláwọ̀ wúrà. Báàgì àjọyọ̀ àbọ̀ Mẹ́kà rẹ̀ ni. Àwòrán rẹ̀ ló wà lára ẹ̀ gàdàgbà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ìgò bíà sí i nínú.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí obìnrin yìí bá na báàgì yẹn sókè pẹ́nrẹ́n, òun á ní ó jí i ni. Ṣé ẹ rí ibi tí ó ti dé? Láàárọ̀, ó ń pa ìgò mọ́. Nírọ̀lẹ́, ó ti ń wá bó ṣe máa pe opó lólè.

Gbádébọ̀ ní, "Ìyá Sàfú, ṣé àpò yín ni?"

"Àpò mi ni."

"Ìgò wọ̀nyí ńkọ́?"

"Inú ẹ̀ lẹ ti bá wọn. Èmi kọ́ ni mo kó wọn síbẹ̀."

"Ta ló wá kó wọn síbẹ̀?"

Obìnrin náà yí báàgì yẹn padà sábẹ́ apá rẹ̀, ó da ojú àwòrán kọ ara òun fúnra rẹ̀. "Mi ò rí ẹni tó kó wọn síbẹ̀. Ohun tí mi ò rí, mi ò lè sọ ọ́."

Bàbá Mùkáílà bẹ̀ ẹ́. "Ìyá Sàfú, ẹ kàn dárúkọ ẹnì kan tẹ́ ẹ fura sí, kí ọkàn wa lè balẹ̀."

"Kí n mú ọmọ ẹlòmíì fi ra yìgì ọmọ tèmi? Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Mùkáílà."

Gbogbo wọn wá yíjú sí Alhaji, àgbà àdúgbò, ará sàáfù àkọ́kọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń retí. Alhaji fa láwàní ṣe, ó ní, "Ọlọ́hun ló mọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ọlọ́hun mọ̀ ọ́n lórúkọ, ó sì mọ nọ́ńbà ilé rẹ̀.

Bàbá Mùkáílà dìde, ó ní kí wọ́n ṣì sún yìgì náà síwájú ná. Ẹ̀yin ìyá tó ti bímọ obìnrin mọ ìtumọ̀ "ṣì" yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Sàfú kanlẹ̀kùn Alhaji. Ó ti fọ báàgì náà, ó ti sá a, ó ká a bí aṣọ tuntun. "Alhaji, inú àpò mi ni mo ti bá a. Àwòrán yín ló wà lára ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ọkọ̀ akólẹ̀ gbé e lọ ààtàn."

"Èló lẹ fẹ́?"

"Èló kí ni?"

"Ẹ sọ ọ́, Ìyá Sàfú. Ọ̀rọ̀ àgbà ni."

"Mi ò fẹ́ nǹkan kan, Alhaji. Ẹ kí Alhaja fún mi." Ó lọ.

Pé kò fẹ́ nǹkan kan, ìyẹn ló pa Alhaji. Ká ní ó béèrè owó ni, ì bá sùn. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ Ìyá Sàfú bá ń dún, á ní ó ń ronú bó ṣe máa tú òun fó. Bó bá dákẹ́, á ní ó ti lọ bá Gbádébọ̀. Bí obìnrin náà bá wúkọ́ lẹ́yìn ògiri, Alhaji á gbé oúnjẹ sílẹ̀. Kò lè wọ orí rẹ̀ pé ẹ̀dá kan lè bo ẹ̀dá kejì láṣìírí láìtọ́jú ọ̀bẹ sápò. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó ní kóun kúkú tètè sọ ọ́ kó tó di pé wọ́n bá òun sọ ọ́. Ẹ má pè é ní ìrònúpìwàdà. Ẹ̀rù ni. Ṣùgbọ́n ó gbé báàgì náà, ó lọ sílé Bàbá Mùkáílà.

"Bàbá Mùkáílà, ìgò yẹn, èmi ni mo sọ ọ́ sápò opó yẹn."

Bàbá Mùkáílà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ta ló rán yín?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Ẹ̀yin Alhaji, ìgò bíà. Kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ obìnrin yẹn tẹ́ ẹ fi ń da ẹrẹ̀ sára aṣọ funfun yín? Ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ ni?"

"Mo fi Ọlọ́hun búra—"

"Ẹ má fi Ọlọ́hun búra nítorí obìnrin, Alhaji. Àgbà ni yín."

Alhaji fa báàgì yọ. "Ẹ̀rí rèé. Inú rẹ̀ ni mo di ìgò náà sí. Ẹ wo àwòrán mi."

Bàbá Mùkáílà kọjú sí ilé ìdáná. "Ìyá Mùkáílà, ẹ bá mi gbé báàgì àlùbọ́sà wá." Wọ́n gbé e wá. Alhaji Múfútáù kan náà, láwàní kan náà, ẹ̀rín músẹ́ kan náà, àlùbọ́sà kún inú rẹ̀ dé ọrùn.

"Ṣé ẹ ti gbàgbé ni?" Bàbá Mùkáílà ní. "Ẹ pín in fún gbogbo ilé lọ́jọ́ àjọyọ̀ yín. Kò sílé tí kò sí. Báàgì yìí á wá jẹ́ ẹ̀rí ta?"

Alhaji jókòó sílẹ̀. Nǹkan tó ń sá fún látọjọ́ yìí kò lè mú un rárá. Nírọ̀lẹ́ ìpàdé yẹn, ká ní Ìyá Sàfú na báàgì náà sókè pàápàá, ẹ̀rín ni wọn ì bá fi rín in. Ẹni kan ṣoṣo tó lè gbà á sílẹ̀ ni ẹni tó mọ òótọ́, ẹni náà sì ní Ọlọ́hun ló mọ̀. Nígbà tó wá fẹ́ sọ̀rọ̀, àdúgbò ti kọ́ ìfura débi pé wọn ò dá òótọ́ mọ̀ mọ́.

Ó sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀. Àwọn kan gbà á gbọ́. Àwọn tó kù ní ó ń fẹ́ opó náà ni. Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé kí ló bà jẹ́. Bàbá Mùkáílà ò so yìgì. Kí oṣù náà tó tán, Ìyá Sàfú gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sínú ọkọ̀, òun àti Sàfúrátù, wọ́n kó lọ, wọn ò sì bú ẹnikẹ́ni jáde.

Ta ló wá mu bíà yẹn? Ẹ̀n-ẹ́n. Mo rí bí ẹ ṣe ń na ọrùn. Láti ìgbà tí mo ti dárúkọ ìgò, ìyẹn nìkan lẹ̀ ń rò, ẹ ò tiẹ̀ bi mí bóyá ọmọ opó ti rí ọkọ. Mi ò ní sọ fún yín. Ohun tí Ọlọ́hun bò mọ́ ilé onílé lọ́wọ́, èmi kọ́ ni màá ṣí i fún yín níbí.

Ẹ máa ya pàǹtí yín o, ìmọ́tótó wà lára ẹ̀sìn wa. Ẹ dá ìgò padà, ẹ gba àmáná yín. Bẹ́ ẹ bá sì dé ìdí àpò aládùúgbò yín tó la ẹnu sílẹ̀, ẹ bá a so ó. Bí ọ̀rọ̀ bá sì kàn yín, tí ẹnu yín nìkan ló lè gba ẹlòmíì sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, nígbà tí wọ́n ṣì lè gbà yín gbọ́.

Ọlọ́hun, Ìwọ tó mọ tinú àpò àti tinú àyà, fọ èrò burúkú kúrò lọ́kàn wa. Bo àṣírí wa bí O ṣe ń bò ó látọjọ́ yìí, má sì jẹ́ ká fi ìbòjú Rẹ da ẹ̀ṣẹ̀ wa sí ọrùn aláìṣẹ̀. Àwọn tí a ti bà lórúkọ jẹ́, bá wa tún orúkọ wọn ṣe kí a tó dé iwájú Rẹ. Fi ọ̀nà tó tọ́ hàn wá. Áámíìn.