Ẹsẹ̀ Bàbá Ràfíù àti Àga Oníàga

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, tí ara mi ṣì le kokooko... ẹ má rẹ́rìn-ín o, èmi náà ti ṣe ọmọge rí. Nígbà yẹn, ní Ìkirè níbí, bí àìsàn bá dá ọkùnrin dùbúlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé kí ló ní nílé. "Àwọn wo ló ń bá ṣe àáró?" Ohun tí wọ́n máa ń bèèrè nìyẹn.

Bàsírá, gbé fóònù yẹn súnmọ́ ẹnu mi. Ó dáa. O ní kí n ṣàlàyé bí ìrànlọ́wọ́ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Ọ̀nà méjì ni, méjèèjì ló sì gba ilé mi kọjá, nítorí ẹsẹ̀ bàbá yín àgbà.

Àáró, ẹ gbọ́: lónìí, gbogbo ẹgbẹ́ á lọ roko Làmídì. Lọ́la, oko Jìmọ́ọ̀. Lọ́túnla, ó kàn ọ́. Bí o bá wá dùbúlẹ̀ àìsàn, wọ́n á ro tìẹ, nítorí o ti ro tiwọn sílẹ̀. Ìbáà ṣe pé o lówó bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀! Ọkùnrin kan wà ní Àpòmù nígbà náà, ó ní ilé alájà, ó ní ọkọ̀ akẹ́rù. Ibà dá a dùbúlẹ̀, wọ́n sì lọ roko fún un. Mo bi bàbá mi pé, "Bàbá, ṣé ẹni yìí ò lè gba lébìrà ni?" Bàbá mi ní, "Ó lè gba lébìrà. Ṣùgbọ́n ó ti bá wa ro, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni." Bẹ́ẹ̀ tálákà tí kò gbé ọkọ́ rẹ̀ dé oko ẹnì kan rí, bó bá ṣubú, wọ́n á kàn máa kí i ní "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́" títí ilẹ̀ á fi ṣú ni. Àbùkù ti àáró nìyẹn, kí n má purọ́.

Ọ̀nà kejì ni ti ìjọba... Ìyẹn ò tíì pẹ́, Bàsírá ti ń lọ síléèwé. Bàbá Ràfíù, ọkọ mi, jábọ́ lórí igi obì ní oko wa lọ́nà Wásinmi. Ẹsẹ̀ kán. Kòkó ti ń pọ́n lórí igi, igbó sì ti bo abẹ́ rẹ̀. Bí kòkó yẹn bá bàjẹ́, kí la fẹ́ fi tọ́jú ẹsẹ̀? Ẹsẹ̀ á kàn jẹrà mọ́ ọn lára ni. Ẹ̀rù bà mí. Mo sunkún títí.

Wọ́n wá ní ìjọba ń ran aláìsàn tí kò ní lọ́wọ́, àmọ́ wọ́n á kọ́kọ́ wá wo ilé rẹ̀ wò. Inú mi dùn. Mo sọ fún Ìyá Mùsílì, aládùúgbò wa, pé, "Àwọn èèyàn ìjọba ń bọ̀ nílé wa lọ́la."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́. Ìyá Mùsílì káwọ́ lérí: "Àlejò ìjọba! Kí wọ́n wá jókòó sórí àpótí? Ojú á ti gbogbo àdúgbò yìí!" Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti gbé àga onítìmùtìmù rẹ̀ dé. Ẹnì kan gbé kápẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan gbé fáànù, bẹ́ẹ̀ iná ò sí lọ́dọ̀ wa! Tíṣà Délé, onísọ́ọ̀ṣì tó ń gbé iwájú ilé wa, gbé tẹlifíṣọ̀n wá, ó fi aṣọ léèsì bò ó. Wọ́n so àgbò iléyá ẹlòmíràn mọ́ ẹnu ọ̀nà mi. Wọ́n tún wọ agbádá fún aláìsàn... ẹsẹ̀ kíkán lábẹ́ agbádá! Èmi gan-an pa adìẹ kan ṣoṣo tí mo ní, mo dín dòdò. Ṣé àlejò á wá, kéèyàn má fún un lóúnjẹ ni?

Obìnrin ìjọba wọlé. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Àgbò ké. Ó ní, "Màmá, gbogbo èyí, tiyín ni?"

Kí n wá ní kì í ṣe tiwa, lójú àwọn tó yá wa lẹ́rù, tí gbogbo wọn rọ̀ mọ́ fèrèsé? Mo ní, "Alihamudulilahi, Ọlọ́run ló ṣe é." Bàbá Ràfíù ń kérora nínú agbádá.

Obìnrin náà jẹ adìẹ tán, ó nu ẹnu. "Màmá, ẹ má bínú o, ẹ̀ ń jayé ju èmi gan-an lọ. Àwọn tí ò ní là ń wá." Ó jáde.

Ọkọ̀ rẹ̀ ò tíì dé títì tó fi kọ̀, tí ò lọ mọ́. Àwọn aládùúgbò rò pé ó ti lọ ni, kálukú bá wá kó ẹrù rẹ̀. Àga jáde. Tẹlifíṣọ̀n jáde. Àgbò ń wọ́ wọn lọ. Wọ́n bọ́ agbádá lọ́rùn aláìsàn. Nígbà tí obìnrin yẹn máa padà wá tọrọ omi tí wọ́n á dà sínú ọkọ̀, ó ku ẹní kan ṣoṣo nínú ilé, Bàbá Ràfíù wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì.

Ó fi igbe ta: "Olè ti jà yín! Ẹ pe ọlọ́pàá!"

Mo ní kì í ṣe olè, àwọn tó lẹrù ló kó o. Ó ní, "Áà, Màmá! Ẹ kó ẹrù pamọ́ láti fi tan ìjọba jẹ!"

Ẹ gbọ́ o. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, olówó ni wá. Nígbà tó padà, a ti di ẹlẹ́tàn. Bí inú ṣe bí mi tó, mo ṣì bu omi fún un.

Àáró ló yọ wá. Àwọn tí Bàbá Ràfíù ti ń bá ro láti ìgbà èwe, àwọn tó kù láyé nínú wọn, mú àdá, wọ́n wá. Arúgbó gbogbo! Làmídì fi ọwọ́ kan di igi mú, ó ń fi ìkejì ṣánko. Jìmọ́ọ̀ á ṣán díẹ̀, á sùn díẹ̀. Àjàó, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, gé kòkó kéékèèké mọ́ igbó, ta ló tó bá a wí? Kò sí èyí tó yọjú wo yàrá wa wò. Wọ́n ká kòkó, wọ́n bá wa sá a. Òun la tà tá a fi gbé ẹsẹ̀ lọ sílé ìwòsàn n'Íbàdàn. Ṣé ẹ rántí bí bàbá yín àgbà ṣe ń tiro? Ìrìn ẹlẹ́wà nìyẹn lójú tèmi.

Ó ti lọ báyìí, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Làmídì ti lọ, Jìmọ́ọ̀ náà ti lọ. Àwọn ọmọ wọn wà lórí ọ̀kadà. Wọn ò tilẹ̀ mọ oko bàbá wọn mọ́, ká tó sọ ti ẹlòmíràn.

Bàsírá, o ní níbi iṣẹ́ rẹ, wọ́n máa ń yọ díẹ̀ nínú owó oṣù, pé bó o bá ṣàìsàn, wọ́n á tọ́jú rẹ. O tún ní o fẹ́ kí wọ́n má yọ ọ́ mọ́, nítorí ara rẹ le. Ara rẹ le! Ṣebí ìgbà tí ara le là ń ro oko ẹlòmíràn? Jẹ́ kí wọ́n máa yọ ọ́, jàre.

Èmi ńkọ́? Orúnkún yìí ti ń dùn mí láti àná. Gbogbo ẹni tí mo ti ṣe fún ti wà lábẹ́ ilẹ̀... Ó ku ìwọ tí mo ti pọ̀n sílẹ̀. Pa fóònù yẹn, wá fi òróró pa orúnkún fún mi.