Ọkọ̀ Bàbá Wa Kò Wọ Òkun Rí

Nígbà tí mo wà lọ́mọge, tí eegun mi ṣì ń gbọ́ tèmi, Gbẹ́rẹ̀fú, erékùsù wa yìí láàárín ọ̀sà àti òkun, dùn, ẹ gbọ́! Owó epo rọ̀bì ti dé ìlú. Àwọn ọmọkùnrin wa á ti Èkó dé pẹ̀lú bàtà gogoro àti ṣòkòtò bóńgò tó ń gbálẹ̀. Tí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, iyanrìn á gbé bàtà wọn mì... Mautin, má rẹ́rìn-ín, ọmọ ọmọ mi. Ìwọ náà ń wọ èyí tó ya lórúnkún.

Àbúrò mi Sẹ̀tọ́njí, ẹni tí ẹ̀ ń pè ní Bàbá Alágbọn yìí, kò sí igi àgbọn tí kò lè gùn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bàbá wa ti kú nígbà náà, ikọ́ ló pa wọ́n. Atukọ̀ ni wọ́n, wọ́n máa ń gbé èrò sọdá ọ̀sà lọ sí Àgbádárìgì.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi àti ìyá wa ń bó àgbọn, Sẹ̀tọ́njí dé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fún un ní sódábì mu, ògógóró àwọn ará Kútọnù. Wọ́n ti rẹ ewé gégemu sínú rẹ̀, àwa ò mọ̀. Ó kọjú sí òkun, ó ní, "Bàbá, ẹ kú àtijọ́ o."

Àgbọn bọ́ lọ́wọ́ ìyá wa. "Bàbá rẹ lò ń rí?"

"Àwọn nìyẹn nínú ọkọ̀."

Ta ló máa gbọ́ ìyẹn níbí tí kò ní dìde? Àwọn ará ilé tú jáde. "Bá mi kí wọn o!" "Sọ fún wọn pé ọmọ mi ti bí ìbejì!" Èmi náà kí wọn. Ìyá wa ń sunkún, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín: "Bi wọ́n, ṣé ikọ́ yẹn ṣì ń dà wọ́n láàmú?"

Sẹ̀tọ́njí tẹ́tí. "Wọ́n ní kò sí ikọ́ mọ́."

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Sẹ̀tọ́njí wá ní, "Wọ́n ní kí n wá wọ ọkọ̀." Ó ń rìn lọ sínú òkun.

Àyà mi já. Òkun kẹ̀? Bàbá wa? Ọ̀sà ni tiwọn! Wọn kì í jẹ́ kí ìgbì òkun kan ẹsẹ̀ wọn, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n. Mo pariwo: "Kì í ṣe Bàbá o! Ẹ mú un!" Omi ti dé àyà rẹ̀ kí àwọn apẹja tó wọ́ ọ jáde.

Mo wo ojú rẹ̀. Dúdú ojú ti fẹ̀ gba gbogbo ẹyinjú. Ẹnu rẹ̀ gbẹ, ahọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, bẹ́ẹ̀ kò làágùn. Ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì. Kò mọ̀ mí, Mautin! Èmi tí mo pọ̀n ọ́n dàgbà, ó ń pè mí ní màdáàmù.

Nọ́ọ̀sì tí a gbé e lọ bá l'Ágbádárìgì ló là á yé wa. Ó ní gégemu máa ń da ọpọlọ rú, ojú á rí ohun tí kò sí, etí á gbọ́ ọ, èèyàn á sì gbà pé òótọ́ ni. Ó ní ó lè dá ọkàn dúró. Ìtọ̀ Sẹ̀tọ́njí tilẹ̀ sé, ó ń kérora. Ìyá wa gbọ́ tán, wọ́n ní, "Gégemu ló mọ̀ pé ọkọ mi ń wúkọ́?"

Nọ́ọ̀sì ní, "Ọmọ yín ló mọ̀ ọ́n, Mà."

Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n kò rántí nǹkan kan. Tó bá gun àgbọn dé òkè, ó ní ilẹ̀ ń sún. Ó fi gígùn sílẹ̀, títa àgbọn ló kù tó ń ṣe. Ìyá wa ò yéé bi í léèrè títí wọ́n fi kú: "Ohùn wọn ńkọ́? Ṣé wọ́n sanra?" Á ní, "Mi ò rántí, Ìyá." Àánú àwọn méjèèjì máa ń ṣe mí.

Ẹ̀yin òde òní ńkọ́? Abẹ́rẹ́ akunilóorun tí dókítà ń lò fún iṣẹ́ abẹ, ẹ ti sọ ọ́ di fàájì. O ní ọ̀rẹ́ rẹ sọ pé òun jáde kúrò nínú ara òun, òun ń wo ara òun láti ẹ̀gbẹ́ kan. Háà! Tí èébì bá wá há a lọ́fun ńkọ́? Ẹni tó ti jáde kúrò nínú ara, ta ló fẹ́ bá a yí ara náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí èébì má pa á?

Ọmọ dáadáa... tí wọ́n bá gbé e fún ọ, tí wọ́n ní wàá rí ohun tí o kò rí rí, sọ fún wọn pé ìyá àgbà rẹ wà ní Gbẹ́rẹ̀fú tó ń retí rẹ. Ìwọ ni mo ṣì fẹ́ máa rí.