Síńgílẹ́ẹ̀tì tí Mo Fọ̀ ní Oregon

Gbé e sílẹ̀, Darla. Gbé àga náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ níbẹ̀ yẹn, má dúró dì í mú bí ẹni tó ń kiri ọjà. Mo ti mọ iṣẹ́ tí wọ́n rán ẹ. Àga mi tó wà nínú mọ́tò bàbá Trent láti Nebraska, tó bá wa la Wyoming já, tó bá wa gun gbogbo òkè Idaho, wọ́n wá yọ ọ́ síta láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kí o gbé e fún mi, ta ni ò ní mọ ohun tí wọ́n ń wí? Wọn ò fẹ́ kí n dé pápá bésíbọ́ọ̀lù lónìí. Àbí mo parọ́? Ó dáa, wò mí lójú kí o sọ pé mo parọ́. Ṣé o rí i báyìí.

Jókòó jàre. Gba orí tábìlì yẹn, táwẹ́ẹ̀lì ni mo kó síbẹ̀, sún un sẹ́yìn. Ó ti rẹ̀ mí. Mi ò sùn, mi ò sì rí ẹkún sun, kí n ṣáà jókòó síwájú ẹ̀rọ yìí kí n máa wo bí aṣọ ṣe ń yí ló kù tí mo lè ṣe.

Kí n wà ní òtẹ́ẹ̀lì kí n máa gbọ́ ìdíje náà lórí rédíò? Èmi? Ìyá Royce? Ọdún mẹ́rin, Darla! Èmi pẹ̀lú rẹ la jọ jókòó sínú yìnyín, tí a jọ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo bo ẹsẹ̀, tí o ń pariwo pé bí Clint ọmọ rẹ bá tún jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, o máa lọ gba ìbọ̀wọ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀ kí o máa hán an fúnra rẹ. Ta ló ń yan búrẹ́dì ẹlẹ́ran àti kábéèjì fún gbogbo ọmọ yẹn kí bọ́ọ̀sì wọn tó gbéra? Èmi ni. Trent nìkan lè jẹ márùn-ún, bàbá rẹ̀ á tún na ọwọ́ sí ẹ̀kẹfà. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ní kí n jókòó sílé.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ le. Àwa méjèèjì la mọ bí ìdíje yìí ṣe rí. Tí wọ́n bá nà ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, o ṣì lè gbìyànjú. Tí wọ́n bá nà ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kí o di ẹrù rẹ ló kù. Wọ́n ti nà wá lẹ́ẹ̀kan lánàá. Bí a bá tún fìdí rẹmi lónìí, kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ti ń lọ sílé nìyẹn, bésíbọ́ọ̀lù Royce sì ti parí nìyẹn, títí ayé. Ọdún rẹ̀ tó kẹ́yìn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lèyí. Kò sí ẹgbẹ́ ńlá kankan tó ní òun fẹ́ mú un. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, orí tirakítọ̀ bàbá rẹ̀ ni yóò wà. Ó lè jẹ́ òní ni màá rí i kẹ́yìn nínú aṣọ yẹn, Darla, òní gan-an náà lẹ sì ní kí n wá ṣọ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Nítorí kí ni? Nítorí pé mo fọ síńgílẹ́ẹ̀tì! Ẹ gbà mí o! Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi, wọ́n ti bú mi pé ọbẹ̀ mi láta, wọ́n ti bú mi pé mo ń sọ̀rọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ kò sẹ́ni tó fi aṣọ mímọ́ bú mi rí.

Má sọ fún mi pé mi ò mọ èèwọ̀ wọn. Mo mọ̀ ọ́n! Láti ìgbà tí Royce ò tíì ga ju igi tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ ni mo ti ń pa èèwọ̀ bésíbọ́ọ̀lù mọ́. Mi ò tẹ ilà funfun orí pápá rí. Mi ò fọwọ́ kan igi ọmọ ọlọ́mọ rí. Bí ajubọ́ọ̀lù wa bá ń jù ú, tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí i gbá, màá panu mọ́ bí ẹni tó wà nídìí òkú, kódà mi ò ní kí i. Láti ọjọ́ yìnyín yẹn tí a ti ń borí, tí wọ́n jọ ṣàdéhùn pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọ síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ àfi tí a bá pàdánù, mi ò sọ̀rọ̀. Ọmọ mi wá sílé jẹun lọ́jọ́ Àjíǹde, ajá kúrò lábẹ́ tábìlì lọ jókòó síta, mi ò sọ̀rọ̀! Bàbá Trent ò fá irùngbọ̀n láti ìgbà yẹn, ó dà bíi pé ó gbé okété mọ́ àgbọ̀n. Kóòṣì ń jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́yin kan náà láàárọ̀ títí gbogbo ara ẹ̀ fi ń rùn bí ẹyin. Ìwọ náà ńkọ́? Ṣúẹ́tà yẹn. Àbààwọ́n músítádì tó wà láyà rẹ yẹn, ojú mi ló ṣe dà sí ọ lára. Mo wí nǹkan kan? Gbogbo Wyoming la fi jókòó pọ̀ nínú mọ́tò, ṣé mo wí nǹkan kan? Fèrèsé ni mo ṣáà ṣí.

Ó yẹ kí ẹnì kan bi bàbá Trent léèrè ọ̀rọ̀ kan fún mi. Bọ́ọ̀lù tó ń yí nílẹ̀ jẹ́jẹ́ bọ̀ lánàá, tó gba àárín ẹsẹ̀ Trent kọjá, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì fi sáré wọlé tẹ̀léra wọn bí ewúrẹ́ tó rí ọgbà tí wọn ò tì, ṣé síńgílẹ́ẹ̀tì Royce ló ní kó la ẹsẹ̀? Lóòótọ́, Royce ò gbá nǹkan kan. Mo rí i. Ó gbé igi gbá a, ó gbé igi gbá a, afẹ́fẹ́ ló ń gbá. Ṣùgbọ́n ta ló gbá nǹkan kan lánàá? Clint gbá a? Háà, má bínú, mi ò fẹ́ mú ọmọ rẹ wọ̀ ọ́.

Àti pé afẹ́fẹ́ ibí yìí, kí ló dé tí kò sẹ́ni tó dá a lẹ́bi? Nílé, tí ọmọ bá gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀fúùfù pápá àgbàdo á gbé e lọ. Níbí, kìkì ọ̀rinrin òkun ni, bọ́ọ̀lù á gòkè, á ro inú ara ẹ̀ wò, á padà wálẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó dúró. Ìdíje kan náà ń lọ ní Kansas! Kansas, tí èèyàn lè jí wa mọ́tò dé kó sì padà sílé lọ fún mààlú lóúnjẹ. Àwọn tó ń pín in wo gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n ní àwa ni ká máa lọ sí ìpẹ̀kun ayé. Láàárọ̀ yìí, ọ̀gbẹ́ni orí rédíò yẹn ní ìrètí tiwa dà bíi ti adìẹ tó fẹ́ sọdá títì márosẹ̀. Ẹ máa bá ìyẹn jà! Ẹ máa bá àwọn tó rán wa wá jà! Bí a bá lé ni tí a ò bá ni, ìwọ̀n là á bá ni ṣọ̀tá mọ.

Rárá, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Tí mo bá dákẹ́, ó máa pa mí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí oúnjẹ àárọ̀ yìí, ìwọ náà wà níbẹ̀. Mo gbé àwo mi, mo ń lọ síbi tí ẹ jókòó sí, bàbá Trent dìde, ó nu irùngbọ̀n, ó ní àwọn kan wà tí wọn ò bọ̀wọ̀ fún nǹkan àwọn ọmọ. Kò dárúkọ mi. Kó dárúkọ mi, ó sàn! Ìyàwó kóòṣì sún báàgì rẹ̀ sórí àga tó ṣófo. Mo rí i. Mo wá lọ jókòó nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan àkàrà wọ́fù, èmi nìkan. Royce ń da mílíìkì sínú àwo rẹ̀ níwájú mi báyìí. Ó ń dà á, ó ń dà á, àwo kún, ó tú sórí tábìlì, ọmọ yẹn ò gbójú sókè wò mí.

Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Kì í ṣe bàbá Trent.

O ò mọ̀, Darla. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ rò pé mo jí síńgílẹ́ẹ̀tì náà kó láti inú ẹrù rẹ̀ ni, bí ìyá tí kò gbọ́n. Búra fún mi pé o ò ní sọ ọ́. Fi Clint búra. Ó dáa.

Royce ló ní kí n fọ̀ ọ́. Ọjọ́bọ̀ tí a dé, lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ìgbáradì tán, ó kan ilẹ̀kùn mi, ó wọlé, ó bọ́ ẹ̀wù, ó gbé apá sókè. Olúwa mi Jésù. Abẹ́ abíyá ọmọ náà bó yánnayànna. Èérí yẹn ti gbẹ, ó ti le, òun ló ń ha á lára nígbàkígbà tó bá gbé igi. Ó ní, "Màámi, apá mi ò gòkè mọ́. Ẹ bá mi fọ̀ ọ́, wọn ò ní mọ̀." Mo ní, "Èèwọ̀ yín ńkọ́?" Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́." Ọmọ tó ga tó yẹn, tó máa ń ní kí n má fẹnu ko òun lẹ́rẹ̀kẹ́ ní gbangba, ó ń bẹ̀ mí bí ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. Kí ni kí n ṣe? Mo fọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ yìí gan-an. Àṣìṣe tèmi kò ju ẹyọ kan lọ, mo da ọṣẹ olóòórùn òdòdó yẹn sí i, èyí tí mo gbé wá láti ilé, ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn ń rùn bí òbúkọ, Royce nìkan ń ta sánsán láàárín wọn bí ìyàwó ojú ọ̀nà! Clint rẹ ló kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, àbí? Ó ní, "Royce, kí ló ń ta sánsán lára rẹ?" Royce ní ìyá òun ló fọṣọ òun. Kò parọ́. Ibi tó sọ ọ́ dé ló ti dákẹ́.

Rárá. Mi ò ní bá a sọ ọ́. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi í fẹ́kùn pa jẹ. Jẹ́ kí wọ́n máa bínú sí èmi. Èmi kọ́ ni màá wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú wọn, èmi kọ́ ni màá dúró gbá bọ́ọ̀lù kí àwọn tó wà lẹ́yìn mi máa gbàdúrà pé kí n má ba nǹkan jẹ́. Leland pè mí lánàá láti orí tirakítọ̀, ó ti so rédíò mọ́ ibi ìdarí, ó ní kí ló ṣe ọmọ wa tí igi rẹ̀ fi tutù. Mo ní ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ọkọ mi pàápàá ò mọ̀.

Lọ sọ fún wọn pé mo ti gbọ́. Mi ò ní wá. Bóyá òótọ́ ni bàbá Trent ń sọ, bóyá ẹsẹ̀ mi ò dáa, mi ò mọ̀ mọ́. Ó rẹ̀ mí. Kí Royce ṣáà gbá a lẹ́ẹ̀kan péré lónìí kó sì lọ jìnnà, kó má jẹ́ pé afẹ́fẹ́ àná yẹn ló máa gbé wálé gẹ́gẹ́ bí ìrántí. Ìwọ ni kí o bá mi wò ó. Bí ó bá gbá a, wo ojú rẹ̀ dáadáa, kí o wá ròyìn ojú rẹ̀ fún mi. Mi ò bẹ̀ ọ́ ní nǹkan mìíràn.

Ta ló ń ti ilẹ̀kùn yẹn? Royce. Kí lo wá ṣe níbí, bọ́ọ̀sì yín ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n rán ìwọ náà ni, o ti pẹ́, ìyá Clint ti jíṣẹ́ tán.

Gbé àga yẹn sílẹ̀. Royce! Níbo lò ń gbé e lọ? Sínú bọ́ọ̀sì? Bọ́ọ̀sì tiyín?

Kí lo wí? Tún un sọ. Mo gbọ́, etí mi ò di, tún un sọ kí ìyá Clint gbọ́ ọ.

Ṣé o gbọ́ ọ, Darla? Ó ti sọ fún gbogbo wọn pé òun lòun ní kí n fọ̀ ọ́! Kóòṣì wá wí kí ni? Ó ní kí o gbé apá rẹ sókè kí òun wò ó. Ẹ̀n-ẹ́n. Trent náà gbé tiẹ̀ sókè? Trent! Tiẹ̀ náà bó? Ó ju tìrẹ lọ? Ta ni tún ni? Clint? Darla, ọmọ rẹ tó ń gbóòórùn kiri! Gbogbo wọn ló ń jẹ̀rora, tí kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́, tí ẹ wá ń wá ẹni tó ba nǹkan jẹ́! Ẹ̀yin ọmọ yìí, orí yín pé ṣá?

Kí ló wà nínú àpò dúdú tó o gbé sẹ́yìn yẹn? Má ṣí i. Mo ní má ṣí... Yéè! Olúwa gba ẹ̀mí mi! Síńgílẹ́ẹ̀tì gbogbo ẹgbẹ́? Kí n fọ̀ ọ́ nísinsìnyí, kí bọ́ọ̀sì tó gbéra? Bàbá Trent mọ̀? Òun ló fún ọ lówó ẹ̀rọ! Háà, jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín ná, jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, àyà ń dùn mí.

Dà á síbẹ̀. Gbé àga mi lọ, iwájú ni kí o gbé e sí, kì í ṣe ẹ̀yìn. A ṣì máa sọ̀rọ̀ mílíìkì àárọ̀ yìí, èmi pẹ̀lú rẹ, má rò pé mo ti gbàgbé. Máa lọ. Royce. Gbé apá yẹn sókè dáadáa lónìí, o gbọ́?

Ó ti lọ. Má wò mí, ojú mi ló ń ta mí, ọṣẹ ni.

Kí lò ń dìde sí? Jókòó. Ẹ̀rọ ṣì láyè. Darla, bọ́ ṣúẹ́tà yẹn.