Àwọn Àjèjì Tó Kúnlẹ̀ Lórí Òkè Wa

Ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ló ṣẹlẹ̀: àwọn àjèjì tó gun òkè àdúrà wa ní Ìpotì kò wá sin Ọlọ́run. Èmi Ilésanmí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ògbufọ̀ ìjọ, ni mo lọ mú wọn wá. Dókítà ti sọ ibi tí àìsàn mi dé fún mi. N kò fẹ́ gbé irọ́ yìí wọ sàréè.

Èmi ni mo wàásù láti inú Àìsáyà orí ọgọ́ta, pé àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè yóò gbé ẹ̀bùn wá sórí òkè yìí gan-an. Ta ló sọ fún mi pé Ìpotì ni Síónì? Ẹnu mi ni. Ọdún yípo, ẹnikẹ́ni kò yọjú. Fọlárìn, olórí akọrin, kò jẹ́ kí n rímú mí: "Tíṣà, ṣé ọ̀nà Ìjerò ni wọ́n ń gbà bọ̀ ni, àbí ti Àrámọkọ? Kí n lè lọ pàdé wọn." Ìjọ a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló gún mi lára.

Mo ṣa òkúta aláwọ̀ ewé tí òjò máa ń hú jáde lórí òkè, mo gbé e tọ àwọn àjèjì tó ń wa kùsà ní Ìjerò lọ. Ojú wọn tàn. Mo ní kí wọ́n wá lọ́jọ́ ìkórè, kí wọ́n má sì wá lọ́wọ́ òfo. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ àti ìrẹsì wá. Bí wọ́n ti dórí òkè, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ tú ilẹ̀. Ìjọ bú sẹ́kún. Fọlárìn pàápàá dọ̀bálẹ̀. Ọ̀gá wọn fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé òkúta pọ̀ níbẹ̀, ta ló nilẹ̀? Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn: "Ó ní ògo Olúwa pọ̀ níbẹ̀, ó fẹ́ mọ ìdílé tó ni òkè kó lè súre fún wọn."

Opó ló ni òkè, Màmá Naomi Fálàyé. Kòkó rẹ̀ àti sàréè ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó wò mí títí. "Tíṣà, ṣé olùjọ́sìn a máa kó òkúta sápò?"

"Màmá, ẹ má ṣiyèméjì sí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run."

Ó yọ̀ǹda òkè. Katakátá hú kòkó, ó hú sàréè.

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ forí jì mí. Lánàá ni mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ Màmá Naomi, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ, kò gbójú sókè.

"Tíṣà, mo ti gbọ́ ọ tipẹ́. Ọ̀gá wọn ló sìn mí dé ulé lọ́jọ́ ìkórè. Yorùbá rẹ̀ kò dán, ṣùgbọ́n ó yé mi. Ó ní, 'Màmá, òkúta la fẹ́ wà o, ẹ rò ó dáadáa.' Mo ní irọ́ ló ń pa, pé Tíṣà wa kì í purọ́."