Wọn Ò Wá, Màá Kọ́ Àga

Inú mọ́tò tó ń ti Àkúrẹ́ lọ Oǹdó ni mo ti ń díbọ́n pé mo sùn, àní mò ń hanrun ju bó ṣe yẹ lọ, tí obìnrin kan tó ń ṣe ọṣẹ dúdú àti ìyá kan tó jù ú lọ ń fa ọ̀rọ̀ níwájú mi.

"Àbúrò, kíláàsì AI yìí náà lo tún fẹ́ lọ kọ́ àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́ṣẹ yín? Ta ló wá lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Òjò ló dá wọn dúró, mà."

"Òjò kan náà ṣáà rọ̀ níbi ìkómọ, gbogbo ẹgbẹ́ ọlọ́ṣẹ ló jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù."

"Wọ́n á wá. Onígbọ̀ngàn ti ní bí kò bá séèyàn lónìí, òun á gba kọ́kọ́rọ́ òun."

"Ṣé AI mọ ọṣẹ sè ni?"

"Kò mọ̀ ọ́n. Mo ní kó bá mi kọ ìpolówó, ó ní òdòdó ni mo fi ṣe é. Mo fi Yorùbá bá a wí, mo ní eérú èèpo kòkó ni. Ó tún un kọ, oníbàárà sì pè mí láti Ìbàdàn. Ṣé ẹ máa lé ọmọ iṣẹ́ tuntun torí ó da eérú nù ni?"

"Tí wọn ò bá wá ńkọ́?"

"Màá kọ́ àga."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí. Obìnrin yẹn ò rẹ́rìn-ín rárá. "Màá kọ́ àga, mà. Ẹni tó ń kọjá á gbóhùn mi, á yọjú."

Èmi tí mo jáde girama, lẹ́tà ìfẹ́ tí ò lésì nìkan ni mo ti fi AI kọ. Nígbà tí ọlọ́ṣẹ náà sọ̀kalẹ̀ l'Óǹdó, mo tẹ̀ lé e. Mo ṣáà fi díẹ̀ gbọ́n ju àga lọ.