Ìdin Kọ́ Ló Wà Nínú Àpò Yẹn

[Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnìkan gbé e.]

LÉKAN: Bùrọ̀dá Awódélé, ẹ káàárọ̀. Ẹ kú iṣẹ́. Ilé ńkọ́?

AWÓDÉLÉ: Àlàáfíà ni. Ọ̀mọ̀wé onídin, ṣé lábù ti—

LÉKAN: Lábù ni mo wà. Àwọn ìdin tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé yín ńkọ́?

AWÓDÉLÉ: Wọ́n wà.

LÉKAN: Wọ́n wà báwo?

AWÓDÉLÉ: Kí ló dé?

LÉKAN: Oúnjẹ ìdin tí ẹ gbé fún màlúù Alhaja Mùnírátù, mo bu díẹ̀ wá síbí. Protein ẹ̀ ga jù. Ìdin gbígbẹ kì í ní tó bẹ́ẹ̀. Àtàná ló ti ń dà mí láàmú. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

AWÓDÉLÉ: Mo gbọ́. Tó bá ga, ó dáa nìyẹn.

LÉKAN: Ó ń rùn bí irin tó dípẹtà. Kí lẹ lọ̀ síbẹ̀?

AWÓDÉLÉ: Ìwọ lo ní kí n máa gba ẹ̀jẹ̀ lódò ẹran, kí ìdin lè tètè sanra.

LÉKAN: Ìdin ni mo ní kẹ́ ẹ fún.

AWÓDÉLÉ: Òjò kún dúrọ́ọ̀mù, gbogbo wọn kú. Mo wá rò ó: ìdin ń jẹ ẹ̀jẹ̀, màlúù ń jẹ ìdin. Kí ni mo tún ń dúró de ìdin sí? Mo se ẹ̀jẹ̀, mo sá a, mo lọ̀ ọ́.

LÉKAN: [ó pòṣé] Ẹ fi màlúù bọ́ màlúù.

AWÓDÉLÉ: Ìwọ tó ń fọwọ́ bu ìdin bí ẹni bu ìrẹsì, ìwọ lo ń—

LÉKAN: Bùrọ̀dá, ẹ gbọ́ ná. Ibo lẹ sá a sí?

AWÓDÉLÉ: Orí páànù.

LÉKAN: Páànù tí Màmá ń sá èlùbọ́ sí?

AWÓDÉLÉ: Mo fọ̀ ọ́.

LÉKAN: Ó ń rí mi lára. Ọjọ́ mélòó ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́?

AWÓDÉLÉ: Mẹ́sàn-án. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀.

LÉKAN: Ẹ̀jẹ̀, fún màlúù Alhaja. Ó bi mí kí a tó bẹ̀rẹ̀ pé ṣé kò sí ohun tó jẹ́ harámù níbẹ̀. Ẹnu mi ni mo fi sọ pé kò sí. Gbogbo Ìlàrè ló ń ra wàrà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ lọ gba àpò yẹn kó tó—

[Ìlà ń já, ó ń so.]

LÉKAN: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

AWÓDÉLÉ: Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo wà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sí mi, ó ní kí n gbé fóònù fún òun.

LÉKAN: Ẹ má tíì—

MÙNÍRÁTÙ: Lékan, ọmọ mi. Ojú Awódélé ò gbé ibì kan. Kí ló fi sínú oúnjẹ yìí?

LÉKAN: Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta wàrà òní.

MÙNÍRÁTÙ: Àwọn oníbàárà ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kí ló fi sí i?

LÉKAN: Ẹ̀jẹ̀, mà. Ẹ̀jẹ̀ màlúù.

[Màlúù kan ké.]

MÙNÍRÁTÙ: Mo fún Sùmáyà ọmọ-ọmọ mi ní mílíìkì ẹ̀ mu láàárọ̀ yìí. Ọmọ ọdún méjì.

LÉKAN: Mà, èmi ò mọ̀—

MÙNÍRÁTÙ: Ìwọ ni mo bi léèrè. N ò bi Awódélé.

[Korobá kan ha ilẹ̀.]

LÉKAN: Alhaja, mo ń bọ̀ níbẹ̀ báyìí. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún wọn. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ìró mílíìkì tí wọ́n ń dà sílẹ̀, korobá kan tẹ̀lé òmíràn.]

LÉKAN: Ṣé ẹ gbọ́—

[Ìlà já.]